Òkèlè Ìsàlẹ̀ Abọ́

Ọjọ́ kẹfà rè é tí Bámigbóyè kò fi ẹnu kan oúnjẹ ìyàwó rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni. Àjọkẹ́ ṣí abọ́ tó gbé síwájú rẹ̀ lálẹ́ àná, ó bá iyán náà bó ṣe gbé e sílẹ̀ gan-an. Ojú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti le, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ti dì sínú àwo kejì. Ojú ìka Àjọkẹ́ fúnra rẹ̀ ṣì hàn lára iyán náà níbi tó ti fi omi dán an. Kò sí ojú ìka ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó gé e sílẹ̀ fún àwọn adìẹ rẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ti mọ àsìkò báyìí. Kó tó yọ lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti ń sáré bọ̀, ìyá adìẹ dúdú kan ló máa ń ṣáájú. Láti ọjọ́ Mọ́ńdé ni adìẹ ti ń jẹ iyán nínú ilé yìí, tí baálé ilé sì ń fi búrẹ́dì sùn.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jọ ń gbé ní Èrìò. Láti ọjọ́ kìíní ni Bámigbóyè ti ní àṣà kan tí kì í yẹ̀: kì í jẹ abọ́ iyán tán. Á ṣẹ́ òkèlè kan kù sísàlẹ̀, á gbé ẹran kan lé e, á sì dé e padà. Ti ẹni tó gún un nìyẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà nílé, kò sí èyí tó láyà láti fọwọ́ kàn án nínú wọn. Tọkọtaya náà lè jà, wọ́n lè fi ọjọ́ mẹ́ta yan ara wọn lódì, òkèlè yẹn á ṣáà wá. Bámigbóyè kì í ṣe ẹni tó ń fẹnu sọ ìfẹ́, Àjọkẹ́ kò sì retí rẹ̀. Òkèlè ìsàlẹ̀ abọ́ ló fi ń mọ̀ pé òun ṣì jẹ́ ènìyàn lójú ọkọ òun.

Ó ń bu omi sójú abọ́ náà nígbà tí ọkọ rẹ̀ jáde sí i. Ó ti wọ bùbá, fóònù wà nínú àpò àyà rẹ̀. Ó dúró jìnnà díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí omi ta sí òun lára.

“Àlejò ń bọ̀ ní agogo mẹ́rin. Gún uyán dè wọ́n.”

Àjọkẹ́ béèrè pé àwọn wo ni. Ó ní Akínwùmí àbúrò òun ni, àti Bàbá Ìjọ. Àjọkẹ́ ní kí ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe. Bámigbóyè fọwọ́ kan àpò rẹ̀.

“Ohun tó wà nínú ìyí, èmi nìkan kọ́ ni mo máa mọ̀ ọ́n.”

“Ṣé ẹ̀yin náà á jẹ nínú uyán ọ̀hún?”

Ó wo àwọn adìẹ náà, ó wò wọ́n pẹ́, ó sì yí padà wọlé.

Àjọkẹ́ mọ ohun tó wà nínú fóònù. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè ni ọkọ rẹ̀ ti nà án sí i lójú. Ó ní bí òun ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kiri ni òun já sí ibì kan tí fóònù to gbogbo fídíò tí wọ́n ti wò nínú ilé yìí sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ìyàwó tó fi májèlé sínú ọbẹ̀. Ìyàwó tó fi oúnjẹ rán ọkọ rẹ̀ sọ́run. Àmì méje tí o fi máa mọ̀ pé ìyàwó rẹ ń pa ọ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lé ní ogójì, agogo mẹ́wàá àárọ̀, agogo mọ́kànlá, agogo kan ọ̀sán, àwọn wákàtí tí Bámigbóyè wà lóko. Ta ló ń wò wọ́n? Kí ni ẹni náà ń kọ́? Ẹ̀rù ba Àjọkẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ bí nǹkan wọ̀nyẹn ṣe débẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá sì lọ dúró lójú Bàbá Ìjọ pé obìnrin kan ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ọkọ, ilé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọn kò ní lé e. Wọ́n á ní kó lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìpòtì, kò sì sí ẹni tó máa wá pè é padà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Yàrá wo ló kù fún un ní Ìpòtì?

Ó ti bó ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ láti àná, bí kò bá sì lọ̀ ọ́ lónìí á bàjẹ́. Ó gbé e rù, ó mú ọ̀nà ibi ẹ̀rọ Ràsákì pọ̀n. Ràsákì wá láti ìhà Ọ̀ṣun lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi ń lọ ẹ̀gẹ́, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ náà ni ọmọ rẹ̀ Tinúkẹ́ fi ń ṣáájì fóònù fún wọn gba owó. Àwọn obìnrin mẹ́rin wà lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ó ṣe ń bọ̀ lókè, ìgbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀rín ti tán.

Ó kí wọn, wọ́n kí i. Ọ̀kan nínú wọn, tó máa ń já àkàrà rẹ̀ sí méjì fún un ní gbogbo Sátidé, rọra ki àkàrà tòní bọ abẹ́ ìró. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé ṣé ara ọkọ rẹ̀, Bàbá Ọlámijí, yá, pé òun rí wọn níbi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì. Ó béèrè rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń kí aláìsàn. Ọkùnrin tí iṣu kún abà rẹ̀, tó ń ra búrẹ́dì jẹ lálẹ́, nílẹ̀ Èkìtì! Wọn ò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé wọn. Àjọkẹ́ ní ara yá, ó dúpẹ́, gbogbo wọn sì ń wo ilẹ̀ títí ariwo ẹ̀rọ fi sọ.

Nígbà tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wọ ẹnu ẹ̀rọ, ó lọ bá Tinúkẹ́ nídìí tábìlì tó to fóònù sí, fóònù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ lórí pépà tó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà bí fídíò ṣe máa ń wọ inú fóònù tí ènìyàn kò pè é. Tinúkẹ́ rò pé ẹ̀yà orin kan ni kò fẹ́ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí ojú rẹ̀, ó sì dákẹ́.

“Màmá, fóònù ò mọ ẹni tó mú un dání. Èyí tí ẹ bá jẹ́ kó parí, ó gbà pé ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn. Á wá lọ gbé irú ẹ̀ wá, èyí tó tún le jù ú lọ.”

“Bí n ò bá wò ó ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé mo kàn fi sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀?”

“Kò mọ ìyẹn. Ó parí ni àbí kò parí, òun nìkan ló ń kà.”

Tinúkẹ́ béèrè pé kí ló dé tí wọn kì í pa á. Àjọkẹ́ ní ọwọ́ òun wà nínú ẹ̀gẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni.

Ọlámijí, ọmọ wọn obìnrin, ló fi fóònù náà ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, òun ló sì ń fi dátà sí i lóṣooṣù. Bámigbóyè kì í gbé e lọ sóko: kò sí nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù kó má jábọ́ sómi. Nítorí náà Àjọkẹ́ ló ni ín láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan ló kọ́kọ́ ń pè, á gbé fóònù sójú fèrèsé kúkínnì níbi tó ti ń dáná, á jókòó ti ẹ̀gẹ́ tàbí ti agbada gàrí. Bí orin bá parí, ìwàásù á wọlé. Ìwàásù parí, ìwàásù lórí ìgbéyàwó dé. Èyíinì parí, obìnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Màmá Tú-Àṣírí dé, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ka ẹjọ́ àwọn ọkọ burúkú; nígbà tó yá, ó bọ́ sórí àwọn ìyàwó burúkú. Ọwọ́ Àjọkẹ́ funfun fún omi ẹ̀gẹ́ tàbí kó gbóná fún gàrí, kò lè tẹ nǹkan kan. Ìdajì ohun tí obìnrin yẹn ń sọ ni kò gbọ́ rárá. Ohùn rẹ̀ ló ń gbọ́, bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé, bí ìgbà tí ẹnìkan wà ní pálọ̀.

Bí Bámigbóyè bá wá dé láti oko, òun náà á gbé fóònù, á ki íápíìsì sétí, á jókòó sí fàráńdà. Fóònù á sì gbé Màmá Tú-Àṣírí fún un, nítorí ó ti kọ́ pé ohun tí wọ́n ń jẹ nínú ilé yìí nìyẹn. Ọkùnrin náà wo ọ̀kan pẹ̀lú ìyanu, ó wo ìkejì pẹ̀lú ìfura, nígbà tó dé ìkẹẹ̀dógún, ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè pa á. Ó jẹ́ kó parí. Fóònù tún kà á. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí: ènìyàn méjì lábẹ́ òrùlé kan, wọ́n ń gba fóònù kan ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń gba ẹnu ọ̀kan sọ̀rọ̀ ibi rẹ̀ fún ìkejì, àwọn méjèèjì kò sì bi ara wọn léèrè pé kí lo gbọ́ lónìí.

Tinúkẹ́ ní òun lè tẹ̀ lé wọn wálé, kí òun ṣàlàyé fún Bàbá. Ràsákì pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ lẹ́ẹ̀kan péré láti ìdí ẹ̀rọ, Tinúkẹ́ sì padà sídìí tábìlì rẹ̀. Àjọkẹ́ gbé ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Agogo mẹ́ta ló gbé odó. Tẹ́lẹ̀, ọmọ mẹ́ta ló ń bá a gún un, ọmọrí odó á máa ròkè-rodò, ariwo wọn á sì kọjá ilé ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Báyìí, òun nìkan ni. Ó gún un títí kò fi sí kókó kan nínú rẹ̀. Ó mọ abọ́ méjì, ọ̀kan ńlá fún àlejò, ọ̀kan fún ọkọ rẹ̀, ó fi omi dán ojú méjèèjì.

Akínwùmí ló kọ́kọ́ dé lórí ọ̀kadà láti Aramọkọ, níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Bàbá Ìjọ tẹ̀ lé e. Michael lórúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó lè pè é bẹ́ẹ̀ ti kú tán. Ó gbàdúrà, ó gùn díẹ̀. Àjọkẹ́ gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ọ̀nà. Bámigbóyè ní kí oúnjẹ ṣì dúró ná. Ó yọ fóònù, ó fà á fún àbúrò rẹ̀, ó ní kó kà á sókè.

Akínwùmí kà á. Ó ń kà á bí ẹni ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì, ṣùgbọ́n nígbà tó dé bí ìkẹwàá, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Ìyàwó tó lo ewé kan tí kò ní òórùn. Túsìdeè, agogo mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún àárọ̀. Bó ṣe pa á tí dókítà kò mọ̀. Túsìdeè, agogo mẹ́wàá kọjá ogún. Bàbá Ìjọ béèrè ibi tí Bámigbóyè wà lákòókò yẹn, ó ní oko. Akínwùmí tún ka ọ̀kan, pé ìyàwó kan ti mu ẹ̀rọ̀ tó ń pa agbára májèlé kó tó bá ọkọ rẹ̀ jẹun nínú abọ́ kan náà. Àná, agogo méje ìrọ̀lẹ́.

“Èmi ni mo wo ìyẹn,” Bámigbóyè wí. “Mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tó dojú kọ mí.”

Bàbá Ìjọ yí sí Àjọkẹ́. Ó bi í bóyá òun ló wo àwọn yòókù.

“Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀, Bàbá. N ò wò wọ́n.”

Ó ṣàlàyé bí Tinúkẹ́ ṣe ṣàlàyé fún un, pé èyí tó bá parí ni fóònù ń kà. Nígbà tí ó gba ẹnu òun náà jáde, kò dún bí ọ̀rọ̀ gidi mọ́. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà ń wò ó. Bàbá Ìjọ ní ó dáa, òun gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ nǹkan, kì í ṣe pé á pa á ni? Ẹ̀gẹ́ kì í ṣáà gba ọwọ́ ènìyàn látàárọ̀ dalẹ́. Kí ló dé tí kò pa á?

Àjọkẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Ojú ń tì í ju bí ìgbà tó bá jẹ́ pé ó pa ènìyàn lóòótọ́ lọ.

“Ulé dákẹ́ jù, Bàbá. Mo fẹ́ máa gbọ́ ohùn ènìyàn.”

Akínwùmí gbé ojú sókè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin méjèèjì kì í jọ sọ̀rọ̀ ni?”

Bámigbóyè gba fóònù rẹ̀ padà, ó fi etí bùbá nu ojú fóònù náà títí ó fi dán. Bàbá Ìjọ wúkọ́. Akínwùmí wo fèrèsé. Ìbéèrè náà wà ní àárín pálọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì jọ yí i ká lọ sórí nǹkan mìíràn.

Bàbá Ìjọ dájọ́. Ó ní òun kò rí ìpànìyàn nínú ọ̀rọ̀ yìí, àìmọ̀ ni. Láti Mọ́ńdé, kí Bámigbóyè máa gbé fóònù rẹ̀ lọ sóko, ì báà sí nẹ́tíwọ̀kì kó má sí. Ní ti oúnjẹ, kí ìyàwó kọ́kọ́ jẹ nínú abọ́ ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo wọn, kí ọkọ náà sì jẹ, kí ọ̀rọ̀ parí. Ara tu Àjọkẹ́. Ilé kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọ ọwọ́, ó bu òkèlè, ó jẹ ẹ́. Ó jẹ ìkejì. Kò sí ẹni tó ní kó jẹ ìkejì.

Bámigbóyè fọ ọwọ́. Ó jẹ òkèlè méjì, ó gbé méjèèjì mì, Bàbá Ìjọ sì ṣe àmín. Ni wọ́n bá kọjú sí abọ́ ńlá. Bàbá Ìjọ ní bó bá jẹ́ pé májèlé ló wà nínú irú uyán báyìí, kí wọ́n pa òun lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Àjọkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó tiẹ̀ lọ bu ẹran sí i. Nígbà tí àlejò dìde, Akínwùmí dúró díẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ti ń dúró. Ó ní Ọlọ́run á máa wà pẹ̀lú wọn.

Bámigbóyè ní òun á lọ jẹ ìyókù ní yàrá. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Àjọkẹ́ jókòó ní kúkínnì, kò ṣe nǹkan kan. Kò sí ohùn Màmá Tú-Àṣírí lójú fèrèsé, bí á sì ṣe máa rí láti ọjọ́ Mọ́ńdé lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò dùn ún tó bó ṣe rò. Nígbà tó yá, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí tó tún padé. Ó lọ wò ó. Abọ́ wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n dé e. Ó ṣí i. Òkèlè kan ṣoṣo wà nísàlẹ̀, ẹran kan wà lórí rẹ̀.

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé abọ́ náà padà sí kúkínnì, ó jókòó, ó jẹ òkèlè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má bàa tètè tán. Ó ń ro ohun tó máa bá ọkọ rẹ̀ sọ lọ́la bí wọ́n bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó lè béèrè nípa kòkó ìsàlẹ̀ odò, bóyá ó ti ń so. Ó lè sọ ti Ràsákì fún un, pé ó ti dá irùngbọ̀n sí. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan kó lè gbọ́ bó ṣe máa dún. “Ẹ̀yin, ṣé kòkó ìsàlẹ̀ odò ti ń so?” Ó dún dáadáa.

Ó fọ abọ́, ó gbé omi ìdọ̀tí lọ sẹ́yìnkùlé. Oòrùn ti ń rọ̀ sẹ́yìn òkè lọ́nà Ìkọ́gòsì. Ó yẹ kí àwọn adìẹ ti gun igi ìsùn wọn, ṣùgbọ́n wọn kò sí lórí igi. Ó gbọ́ ìró wọn lábẹ́ fèrèsé yàrá ọkọ rẹ̀, ó yà síbẹ̀.

Òkèlè ni wọ́n ń jẹ. Ó tó bíi mẹ́jọ nílẹ̀, wọ́n ti tì wọ́n bọ ọbẹ̀, ẹran tó kù wà láàárín wọn. Ẹnìkan ti fi ara balẹ̀ ṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ wọ́n roboto bí ìgbà tó ń jẹun. Ojú ìka Bámigbóyè hàn lára gbogbo wọn.

Àjọkẹ́ gbé ojú sókè. Ọkọ rẹ̀ dúró ní fèrèsé, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tàn sí i lábẹ́ àgbọ̀n. Kò wo Àjọkẹ́. Adìẹ ló ń wò. Ó ń wò wọ́n bí ènìyàn ṣe ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó, Àjọkẹ́ náà kò mọ ìgbà tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n. Ìyá adìẹ dúdú náà jẹ òkèlè tó kẹ́yìn. Ó nu ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún, ó nù ún lósì, ó rọra rìn lọ sídìí igi, ó fò, ó ká ẹsẹ̀ mọ́ra. Bámigbóyè fi ojú sìn ín dé orí igi, kò sì kúrò ní fèrèsé, bí ẹni tó ń retí kó jábọ́.

Omi ìdọ̀tí ṣì wà lọ́wọ́ Àjọkẹ́. Màmá Tú-Àṣírí nìkan ló ń sọ̀rọ̀ láti inú fóònù, ohùn rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti pẹ́ nínú ilé.